Orin Bàbá Mi Tó Ń Ta Gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n

Èmi kì í ṣe onísùúrù ènìyàn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹni tó ń gbọ́ orin jáàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òrè, níbi tí mo ti ń ta oògùn kòkó àti pọ́ǹpù tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fọ́n ọn, àwọn oníbàárà mi mọ̀ pé bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn mi á ti le kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ká ní ìkòkò ni mí, ọbẹ̀ ò ní pẹ́ jóná nínú mi. Mi ò bá a jiyàn.

Àmọ́ tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ilé wa ní Odìgbó, tí a ti jẹun, n ó fọ ọwọ́ mi, n ó nù ún gbẹ, n ó sì rọra yọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan nínú páálí rẹ̀. Etí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń dì mú, ọwọ́ mi kì í kan ojú rẹ̀. N ó gbé e lé ẹ̀rọ, n ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, n ó sì jókòó. Láàárín àkókò yẹn, kódà bí oníbàárà bá pè mí lórí fóònù pé ẹ̀rọ òun ò fọ́n oògùn mọ́, kò lè rí mi bá sọ̀rọ̀.

Àtúntẹ̀ ni gbogbo rẹ́kọ́ọ̀dù mi. Orin tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà fun, tí wọ́n sì lù, nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ni àwọn kan lókè òkun tún ń tẹ̀ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun lónìí, tó nípọn, tó ń dán, tí páálí rẹ̀ sì rí bí ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ àtúntẹ̀, àfi ògbólógbòó gan-an. Èmi ò sí lára wọn. Ohun tí mo ń wá ni orin náà, kì í ṣe ọjọ́ orí ike tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọkùnrin kan ní Èkó ló ń bá mi wá wọn. Òrè ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí apá ìlà-oòrùn ti máa ń dúró jẹun, nítorí náà ó máa ń fi ẹrù mi rán awakọ̀, á sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi á ti dúró sí ibùdókọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó dé. Gbogbo awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn ló ti mọ ẹ̀bẹ̀ mi: ẹ má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ má gbé nǹkan lé e, ẹ má fi sí ibi tí oòrùn á ti máa ta á. Ọ̀kan nínú wọn bi mí ní ọjọ́ kan bóyá ẹyin ni mo ń rà láti Èkó.

Àwọn ará àdúgbò náà ní tiwọn. Bàbá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí mi, ó bá mi nídìí orin, ó jókòó tì mí fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó pẹ́, ó rọra tẹ̀ síwájú, ó ní, “Ṣé wọn ò tíì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin ọ̀hún ni?” Mo sọ fún un pé wọ́n ti ń kọ ọ́ láti ìgbà tó ti jókòó. Ó mi orí, ó ní Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn fún wọn.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kó àrùn náà. Ajue ni wọ́n bí mi sí, láàárín kòkó àti ọ̀pẹ. Kí bàbá mi tó ní oko tiwọn, wọ́n bá òyìnbó kan tó ń gé gẹdú ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa lọ níwájú nínú igbó, kí wọ́n máa fi àdá sàmì sí ara igi tó tó gé. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé, ó fún bàbá mi ní giramafóònù kékeré kan tó ń lo bátìrì, tó ṣeé pa dé bí àpótí, àti rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ikán jẹ páálí rẹ̀ tán kí wọ́n tó bí mi. Bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ orúkọ orin sí, ti ṣí kúrò nítorí ọ̀rinrin. Nígbà tí mo wá mọ̀wé kà, kò sí ohun tí mo lè kà lára rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni bàbá mi máa ń gbé e jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ sá bátìrì sóòrùn kó lè ní agbára díẹ̀ sí i. Ohun gbogbo la máa ń sá sóòrùn ní Ajue: kòkó, ẹ̀gúsí, ìbùsùn, bátìrì, Bíbélì tí òjò bá pa. Ẹni tó bá ń gbé inú igbó kìjikìji mọ̀ pé ohun tí oòrùn ò bá rí, á bu. Màmá mi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa pa ẹ̀gúsí. Bàbá mi á sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, wọ́n á di ojú wọn.

Fèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ dún, òun nìkan. Pianó á tẹ̀ lé e, àti ìlù kan tí wọ́n ń fi ohun bí ìgbálẹ̀ gbá dípò kí wọ́n lù ú. Orin náà kì í dúró lójú kan. Ohùn fèrè á gòkè, á tún rọra yọ̀ wálẹ̀, á tún gòkè, bí ẹni tó mu ẹmu tó ń wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń fun fèrè ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a kó lọ sí Òrè nítorí ilé-ìwé mi. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni a kó ẹrù sí, bàbá mi sì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà lé mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n dì í mú dáadáa títí a ó fi dé. Mo dì í mú títí a fi kọjá Àgọ́ Aláyè, lẹ́yìn ìyẹn oorun gbé mi lọ. Nígbà tí ọkọ̀ já sí kòtò, rẹ́kọ́ọ̀dù yọ̀ bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, àpò gàrí kan sì wó lé e. Ó dá sí méjì. Bàbá mi mú àfọ́kù rẹ̀, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti kọrin tó.” Wọ́n jù ú sí inú igbó, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Òrè.

Wọn ò nà mí, wọn ò bú mi, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ fún mi títí wọ́n fi kú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní wọ́n nà mí. Ẹgba máa ń tán lára, àmọ́ gbólóhùn kan tí wọ́n sọ yẹn, mi ò tíì rí ibi tí mo lè gbé e sọ̀ sí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ra àtúntẹ̀ nìyẹn nígbà tí ọwọ́ mi tó o. Mo rò pé ní ọjọ́ kan, n ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, n ó sì gbọ́ ọ. Kò yá mi lára jù nígbà náà. Ìgbà tí Màmá wá sọ́dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú.

Màmá ti padà sí Ajue lẹ́yìn ikú bàbá mi, wọ́n ń mójú tó kòkó wa níbẹ̀. Etí ló lé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Odìgbó. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní etí òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún náà sì ti wà lójú ọ̀nà, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gbádùn èyí tó kù. Mo sọ ọ́ sí wọn létí ọ̀tún bí ó ṣe sọ ọ́. Wọn ò sunkún. A ti wọ ọkọ̀ padà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ní ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ wa:

“Ọma mi, ó wù mí kí n gbọ́ orin aba rẹ yẹn kí etí mi tó dí.”

Wọn ò mọ̀ pé èmi náà ti ń wá orin bàbá mi. Mo di sítíárìn mú, mo ń wo ọ̀nà. Èmi tí mo fọ́ ọ náà ni wọ́n ń bẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ìwákúwàá ni mo ń wá a. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń gbé àga Màmá sún mọ́ sípíkà, pẹ̀lú etí ọ̀tún níwájú. N ó sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Wọ́n á tẹ́tí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á fi sùúrù gbọ́ ọ, wọ́n á sì mi orí.

“Éè ṣe iyí,” wọ́n á ní. Kì í ṣe èyí.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rántí nípa rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, bí ẹni tó ru omi lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Mo pe ọkùnrin Èkó, mo ní kó bá mi wá orin tó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n. Ó béèrè bóyá ara mi yá. Síbẹ̀ ó gbìyànjú, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó fi oríṣiríṣi ránṣẹ́: èyí tí wọ́n ń sáré lù bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, èyí tí fèrè mẹ́rin ń jà nínú rẹ̀, èyí tí ìyàwó mi tìtorí rẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òrè tí kò sì dé títí di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni Màmá gbọ́. Éè ṣe iyí.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó dà mí láàmú. Fèrè kan ló kọ́kọ́ dún, òun nìkan. Pianó tẹ̀ lé e, àti ìlù tí wọ́n ń fi nǹkan gbá. Mo wo Màmá. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n dojú kọ sípíkà, mo rò pé mo rí nǹkan lójú wọn. Ó wá lọ.

“Ó jọ ọ́,” wọ́n ní. “Éè ṣe iyí.”

“Màmá, ẹ tún un gbọ́.”

“Mo gbọ́. Iyí ń rìn gbọọrọ. Ti aba rẹ éè rìn gbọọrọ.”

Mo bá wọn jiyàn, èmi aláìnísùúrù. Mo tún un fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ ṣà. Àmọ́ èmi náà ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Orin náà jọ tiwa, àmọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá pàdé àbúrò ẹni tó mọ̀ ló rí lára mi. Mo ní bóyá Màmá ló jàre. Mo dá a padà sínú páálí rẹ̀, mo tún pe Èkó.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kòkó fi ń dúdú lórí igi ní gbogbo agbègbè wa, ọjà oògùn mi sì ń yá. Nínú ilé, ara ògiri tutù. Ní ọjọ́ kan tí mo yọ páálí kan, mo rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ní igun rẹ̀. Mo nù ún. Mo ráhùn sí ìyàwó mi létí Màmá, mo ní, “Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù yìí ti ń bu.” Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé Màmá gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn ràn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí a ti rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo gbéra lọ sí Omifunfun láàárọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kan tí wọ́n wá gba oko dá níbẹ̀ ti ra oògùn lọ́wọ́ mi, mo sì ṣèlérí pé n ó wá fi bí wọ́n ṣe ń pò ó hàn wọ́n. Ìyàwó mi wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá nìkan ló wà nílé.

Nígbà tí mo padà dé ní bí aago méjì, mi ò bá Màmá ní yàrá ìgbàlejò. Mo gba ẹ̀yìnkùlé. Gbàgede símẹ́ńtì kan wà níbẹ̀ tí a ti máa ń sá ìwọ̀nba kòkó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa láti Ajue. Màmá ti gbá a mọ́. Wọ́n ti tẹ́ tapólíìnì dúdú tí a fi ń sá kòkó. Lórí rẹ̀, ní ìlà mẹ́ta tó gún régé, ni wọ́n tẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù mi sí, ìhòòhò, láìsí páálí. Àwọn páálí náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ti nu gbogbo wọn mọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n dé àkẹtẹ̀ oko wọn, wọ́n ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀yìn wọn náà lè rí oòrùn. Wọ́n ń fi etí ìró wọn nu ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dà á dé. Mo ti rí wọn tí wọ́n ń tọ́jú kòkó bẹ́ẹ̀ láti kékeré mi, pé kí ẹyọ kan má bu kó má ba ìyókù jẹ́.

Méjìlélógún ni wọ́n. Ọ̀kan tó wà lórí ẹ̀rọ nìkan ni wọn ò mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ká sókè ní etí bí ewé koko. Òmíràn ti rọ̀ sílẹ̀, ó ti gba ara tapólíìnì.

Mo pariwo. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ níbí: mo pariwo mọ́ ìyá mi. Mo ní, “Màmá, kí lẹ ṣe yìí? Ẹ ti bà mí láyé jẹ́.”

Màmá gbé ojú sókè. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn etí ọ̀tún.

“Kín wo wí?” Kí ni mo sọ.

Ẹni tó bá ń bá adití gbé á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìbínú kì í ṣeé tún sọ. Ti àkọ́kọ́ máa ń jáde fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o tún un sọ, àfi kí o dúró, kí o mí, kí o wá ọ̀rọ̀ náà rí, kí o sì wo ojú ẹni tí o fẹ́ sọ ọ́ sí. Mo wo ojú Màmá lábẹ́ àkẹtẹ̀. Òógùn ti bò wọ́n. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà nínú oòrùn yẹn, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, nítorí ohun tí mo fẹ́ràn.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti balẹ̀, àmọ́ etí ìyá mi ò jẹ́ kó fọ́. Mo tún un sọ pẹ̀lú ohùn rara. Mo ní, “Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.”

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì mọ̀ pé ojú mi ò dára. Wọ́n ní mo ti sọ pé àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà ń bu, oòrùn sì ti ràn. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn mọ̀ ọ́n ṣe, ti bàbá mi náà bu ní ọdún tí wọ́n gbé àwọn níyàwó wọlé ní Ajue, ọjọ́ méjì ni àwọn fi sá a tó fi dára. Mo gbọ́ ọ, àmọ́ kò wọnú mi. Iye tó kù ni mo ń wò lójú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń kó wọn. Màmá ní kò tíì gbẹ tán. Mo ní ó ti gbẹ.

Mo kó wọn wọlé, mo tẹ́ wọn sórí ilẹ̀ tútù. Mo jókòó sáàárín wọn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kó wọn jọ, bọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn òmíràn. Inú mi bàjẹ́ gan-an, n ò lè fi nǹkan bò ó. Kì í ṣe nítorí wọn nìkan. Mo rò ó pé bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, etí ọ̀tún yẹn ò ní dúró dè mí.

Nígbà tí wọ́n tutù díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò. Èyí tó pọ̀ jù, abẹ́rẹ́ ò lè dúró lórí wọn, ńṣe ló ń fò kiri. Àmọ́ mẹ́ta wà ní ìpẹ̀kun ìlà kẹta tí òjìji igi ọsàn ti dé bá kí oòrùn tó ṣe wọ́n tán. Wọ́n kàn ń gbé sókè sódò díẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń yí. Mo dán àkọ́kọ́ wò. Kò dára létí, àmọ́ ó ń kọrin. Mo dán ìkejì wò. Mo gbé ìkẹta lé e láìwo páálí rẹ̀, ohùn ẹ̀rọ sì ròkè bí a ṣe máa ń fi í sí fún Màmá.

Fèrè kan dún, òun nìkan. Ohùn rẹ̀ gòkè, ó yọ̀ wálẹ̀, ó tún gòkè. Pianó tẹ̀ lé e, òun náà ò lè dúró lójú kan.

Mi ò tíì mí tán tí mo fi gbọ́ ìró nǹkan tó já bọ́ ní ilé ìdáná. Màmá jáde wá, pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù fún omi. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ sípíkà. Wọn ò jókòó sórí àga. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé etí ọ̀tún lé e.

“Iyí rèé,” ni wọ́n wí.

Omijé ń bọ́ lójú wọn, wọn ò nù ún. Wọ́n ní níbo ni mo ti rí i. Wọ́n ní kí n wò ó bó ṣe ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, ṣé mo ti rí i báyìí pé kò rìn gbọọrọ. Orin náà parí. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i, mo sì tún un fi sí i, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú oòrùn tó wọnú mi.

Ti bàbá mi náà bu. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi sá a.

Orin tí Màmá ti ní ó ń rìn gbọọrọ náà gan-an ló ń dún lórí ẹ̀rọ. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà tó fun fèrè bẹ́ẹ̀ rí. Gbọọrọ ni òyìnbó agégẹdú gbé orin náà lé bàbá mi lọ́wọ́, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé sì fi ọjọ́ méjì tọ́jú rẹ̀ bí kòkó. Bàbá mi mọ̀. Wọ́n ti gbọ́ ọ ní ilé òyìnbó kó tó rí bẹ́ẹ̀. Mo ní mẹ́tàlélógún, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tí mo bá wọn níbẹ̀, wọ́n ń gbé e jáde, wọ́n ń di ojú, wọ́n sì ń gbọ́ orin tó bàjẹ́ lójú ẹni tó bà á jẹ́, wọn ò sì jẹ́ kó mọ̀. Èmi tí mo fọ́ ọ lẹ́yìn náà, ti fífọ́ nìkan ni mo ṣe.

Mo ń kọ èyí nígbà tí etí ọ̀tún náà ti dí. Ọkùnrin Èkó ti fi òmíràn rọ́pò díẹ̀ nínú àwọn tó bàjẹ́. Ó ní òun tún rí ẹ̀dà kan tó mọ́ lára orin tó ń dún lọ́jọ́ yẹn, mo sì sọ fún un pé mo ti ní i. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Màmá ṣì máa ń jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sípíkà. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ àwọn ń gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo fi sí i. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọ́n dìde lórí eékún wọn, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n sì kọjú sí mi dáadáa.

“Wo bínú sí mi ní ọ̀sán,” wọ́n ní. “Mo rí i lójú rẹ. Aba rẹ náà bínú lọ́jọ́ tí mo sá tirẹ̀. Ó ti oko dé, ó wò ó, ó tún padà sí oko. Éè wálé títí di alẹ́. Kín ó bí wo nínú?”

Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ṣì ń yí lórí ẹ̀rọ láìdún, ó ń gbé sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wò ó. Mo sún mọ́ etí ọ̀tún.

Mo ní, “Ebi ló ń pa mí, Màmá.”

Màmá wò mí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni aba rẹ wí.”

Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé ìkòkò kaná, wọ́n sì gbé oúnjẹ wá fún mi. Ebi ò pa mí rárá. Mo jẹ ẹ́ tán.